Ìtọpinpin Ìtàn Ìdílé Òṣìṣẹ́ Rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́ta: Ohun tí Ìwé Rántí àti Ohun tí Ó Gbàgbé

Ìfáàrà

Bí a bá bi ọmọ Yorùbá léèrè orísun rẹ̀, oríkì orílẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mú bọnu. Oríkì a máa sọ ti ìlú tí a ti ṣẹ̀ wá, ti oyè àti ti ogun. Kì í sábà sọ ti bàbá tó ń fi òòlù lu irin ní ilé iṣẹ́ rélùwéè, tó ń gba owó iṣẹ́, tó sì ń gbé yàrá kan nínú ilé onílé. Irú bàbá bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí. A fẹ́ ṣàlàyé bí ọmọ-ọmọ rẹ̀, pàápàá akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá àkòrí fún iṣẹ́ àṣekágbá, ṣe lè tọpinpin ìtàn rẹ̀.

Rélùwéè kò gba Ìjẹ̀bú-Igbó kọjá. Ọ̀nà irin tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896 gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní 1901. Síbẹ̀, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú wà lára àwọn tó wá iṣẹ́ lọ sí Èbúté-Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì àti kẹ̀kẹ́ ojú irin ṣe. Àwọn kan padà wálé, àwọn mìíràn kò padà mọ́.

Ìwé àti ọjọ́ orí

Ní ìlú Glasgow ní Scotland, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Springburn. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì rélùwéè ló sọ ọ́ di ńlá, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Èbúté-Mẹ́ta. Ìwádìí rọrùn fún ọmọ-ọmọ alágbàṣe ibẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1855 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan ní Scotland pé kí a forúkọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀. Ìwé ìgbéyàwó wọn a máa dárúkọ bàbá àti ìyá tọkọtaya, iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe, àti orúkọ ìdílé tí a ti bí ìyá. Tálákà tí kò ní ilẹ̀ ṣì ní ìwé.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ìforúkọsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣùgbọ́n ẹni tí a bí sí ìgbèríko Ìjẹ̀bú kí 1920 tó pé kì í sábà ní ìwé ìbí. Ìwé ìbúra ọjọ́ orí ni ó ń mú lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá rẹ̀ kan ni yóò sì bá a búra ní kóòtù. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀pọ̀ dín ọjọ́ orí wọn kù kí wọ́n lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà, kí olùwádìí béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bí bàbá náà. Ṣé wọ́n ti bí i kí àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú ti 1918 tó dé? Ṣé ó ti ń rìn?

Orúkọ tún jẹ́ ìṣòro. Akọ̀wé tó ń kọ ìwé owó oṣù kò bìkítà fún àmì ìsàlẹ̀: Ṣówándé nínú ìwé kan di Sowande, nínú òmíràn ó di Showande. Fábùnmi lè di Olúbùnmi lẹ́yìn ìrìbọmi. Ọmọ ìyá méjì sì lè máa jẹ́ orúkọ ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé ọ̀kan mú orúkọ bàbá, èkejì mú ti bàbá àgbà.

Ní Ilé Ìkó-ìwé-ìtàn-pamọ́-sí ti ìjọba àpapọ̀, tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, fáìlì ìgbèríko Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe dúró lórí fáìlì oyè. Kí ó ka ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìwé ẹ̀sùn tí àwọn mẹ̀kúnnù ní kí akọ̀wé bá wọn kọ. Ibi tí mẹ̀kúnnù ti ń ráhùn ni orúkọ rẹ̀ ti máa ń jáde. Nílé, kí ó wo ẹ̀yìn fọ́tò, àlùmánáàkì ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àti ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ náà.

Ìyá tó ń tajà

Ohun tó ká wa lára jù nìyí. Ní oṣù kẹfà 1945 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tó lé ní ọgbọ̀n ọjọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí Michael Imoudu jẹ́ aṣáájú wọn, ni òpó rẹ̀. Wọ́n ní kí owó iṣẹ́ òòjọ́ má dín ní ṣílè méjì àti sísì, kí a sì fi ìdajì kún owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́ngógó. Lisa Lindsay, nínú àpilẹ̀kọ kan tó gbé jáde ní 1999, pe àkíyèsí sí ohun kan: àwọn òṣìṣẹ́ náà ń bá ìjọba jiyàn pé ọkùnrin ló ń bọ́ ìdílé, bẹ́ẹ̀ owó ọjà àwọn obìnrin ló gbé ìyanṣẹ́lódì náà ró.

Ẹ jẹ́ kí a ro ìyẹn wò. Ìwé ìjọba kọ orúkọ ọkọ sílẹ̀ nítorí owó oṣù. Ìwé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ orúkọ ọkọ sílẹ̀ nítorí ìjà. Ìyá tó ń ta gàrí, tó ń ta aṣọ, tó ń san owó ilé ìwé nígbà tí owó oṣù kò dé, kò sí nínú èyíkéyìí. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ìwé nìkan yóò kọ ìtàn ìdílé tí kò sí irú rẹ̀ rí: ilé tí ọkùnrin kan ṣoṣo ti ń wá oúnjẹ. Àwa tí ìyá bí mọ̀ pé irọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló kù láti fi wá a, àkókò kò sì dúró. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà ìyanṣẹ́lódì náà pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 2025. Àwọn ọmọ wọn tó gbé ẹrù ọjà tẹ̀lé wọn náà ti darúgbó. Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá jókòó ti ìyá àgbà, kí ó má kọ́kọ́ béèrè pé iṣẹ́ wo ni bàbá ṣe ní rélùwéè. Kí ó béèrè ohun tí ìyá tirẹ̀ ń tà, ọjà tó ń ná, ẹni tó ń tà á láwìn, àti ohun tí wọ́n jẹ ní oṣù tí owó kò wọlé.