Ogun Ń Jà Lókèèrè, Owó Ọkọ̀ Ń Gòkè Nílé

 

Láti Ìsundúnrin, ní agbègbè Èjìgbò, ni ọ̀rọ̀ tòní ti bẹ̀rẹ̀. Lápá ibẹ̀, ṣàṣà ni agbo ilé tí kò ní èèyàn ní Àbíjàn. Mo bi ìyá àgbà kan, tí wọ́n ta aṣọ ní Treichville fún ọ̀pọ̀ ọdún, pé kí ni ogun Ivory Coast ṣe fún ọjà wọn. Mo rò pé ìró ìbọn ni wọ́n máa sọ. Wọ́n ní, "Owó ọkọ̀ ni, ọmọ mi."

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, àwọn ọlọ̀tẹ̀ dìde, wọ́n gba apá àríwá, orílẹ̀-èdè náà sì pín sí méjì. Èbúté Àbíjàn wà ní gúúsù, ọkọ̀ ojú omi ṣì ń gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀yìn èbúté ni wàhálà wà. Burkina Faso àti Mali kò ní òkun. Àbíjàn ni ọ̀pọ̀ ẹrù wọn ń gbà wọlé, tí rélùwéè àti tírélà á sì gbé e gba àríwá lọ. Rélùwéè tó ń lọ sí Ouagadougou dúró fún nǹkan bí ọdún kan. Ṣé ẹrù wá jókòó de àlàáfíà? Rárá. Ó yà sí Tema, Lomé àti Kútọnu. Ọ̀nà gùn sí i, àwọn tó ń wá tírélà sì pọ̀ ju tírélà lọ. Ẹni tó bá ti wá danfo lọ́jọ́ òjò rí mọ ohun tó tẹ̀lé e.

Ìjà ìbò ọdún 2010 tún dé. Ní oṣù kìíní ọdún 2011, European Union fi òfin de èbúté Àbíjàn àti San Pedro, kí ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù má bàa bá wọn ṣòwò. Kòkó kún ilé ìkẹ́rù. Ìwé lásán ni o, ó sì ṣe ohun tí ìbọn kò ṣe.

Ohun tó jọ ọ́ ló ṣẹlẹ̀ lórí Òkun Pupa. Ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 2023, àwọn Houthi ti Yemen gba ọkọ̀ Galaxy Leader. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ilé iṣẹ́ bíi Maersk àti MSC ti ń yí ọkọ̀ wọn gba ìsàlẹ̀ South Africa dípò Suez. Ìyẹn fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún ìrìn àjò láti Ṣáínà sí Yúróòpù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò kékeré kan. Ká ní ilé iṣẹ́ kan ṣèlérí ọkọ̀ kan lọ́sẹ̀, tí àlọ àtàbọ̀ sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12: ọkọ̀ 12 ló nílò. Bí àlọ àtàbọ̀ bá di ọ̀sẹ̀ 14, ó di ọkọ̀ 14. Níbo ni méjì yẹn ti máa wá? Wọ́n á yá a, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lójú ọ̀nà mìíràn. Kọ̀nténà náà á pẹ́ kó tó padà sí Ṣáínà.

Ibi tó kàn wá nìyí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ti Ṣáínà bọ̀ wá sí Èkó tààrà, ìsàlẹ̀ South Africa ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Wọn kò sún mọ́ Òkun Pupa. Síbẹ̀, ọkọ̀ àti kọ̀nténà tí gbogbo ayé ń dù ni àwa náà ń dù. Nítorí náà, bí ẹni tó ń ta fóònù bá ní "Òkun Pupa ni," ó lè má parọ́. (Àwọn kan ń parọ́ o.)

Bí ẹ bá ń kó ọjà wọlé, ẹ bi aṣojú yín léèrè: ọ̀nà wo ni ọkọ̀ yìí máa gbà? Ọjọ́ wo ni iye tí ẹ pè yìí máa yí padà? Bí ọdún iléyá tàbí Kérésì bá ń bọ̀, ẹ má fi ọjọ́ tí wọ́n dá gan-an ṣe ètò. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kún un.

Ìyá yẹn kò ní aṣojú kankan. Bí ìbò ọdún 2010 ṣe ń sún mọ́lé, wọ́n ra ọjà oṣù mẹ́ta sílẹ̀. Wọ́n ní owó há àwọn mọ́ ọjà náà, àwọn kò sì sùn dáadáa. Nígbà tí àtẹ àwọn mìíràn gbẹ, àwọn ṣì ń tà.