Ọrùn ni gẹ̀gẹ̀ wà, ọpọlọ ló ń pàṣẹ

Ẹni tó bá ra iyọ̀ ní Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀, tó sì wo ara ọ̀rá rẹ̀, yóò sábà rí i kà pé áyódíìnì wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 1993 ni Nàìjíríà ti sọ èyí di dandan, nítorí gẹ̀gẹ̀. Ọrùn la máa ń dá lẹ́bi fún àìsàn yìí, torí ibẹ̀ lojú ń rí. Bẹ́ẹ̀, thyroid, ẹ̀yà ara inú ọrùn tó ń wú nínú gẹ̀gẹ̀, kì í sábà jẹ́ aláìgbọràn. Àṣẹ ló ń tẹ̀lé. Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, hypothalamus ń tú họ́mọ́ọ̀nù TRH sí pituitary, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Pituitary á wá tú TSH sínú ẹ̀jẹ̀, kí thyroid lè pèsè T4 àti T3 tí gbogbo ara fi ń ṣiṣẹ́. Bí méjèèjì bá pọ̀ tó, ọpọlọ á dẹwọ́. Bí wọn ò bá tó, á tún tẹnu mọ́ ọn. Èyí kì í ṣe àbá lásán: ọ̀kẹ́ àìmọye ọpọlọ àgùntàn ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Roger Guillemin lò, Andrew Schally lo ti ẹlẹ́dẹ̀, kí wọ́n tó rí bíńtín TRH tí wọ́n fi mọ bó ṣe rí lọ́dún 1969. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ lé e lọ́dún 1977. Áyódíìnì mẹ́rin ló wà lára T4, mẹ́ta lára T3. Níbi tí kò bá ti sí áyódíìnì, thyroid ò rí èlò iṣẹ́, àṣẹ ò sì dáwọ́ dúró, TSH sì tún máa ń mú kí thyroid dàgbà. Ó ń wú nìyẹn.

Wọ́n tún máa ń dá ẹ̀gẹ́ lẹ́bi fún gẹ̀gẹ̀, àmọ́ àwọn kan lè ta kò ó pé àwọn baba wa jẹ gàrí àti láfún títí, ọrùn wọn ò wú. Ekpechi, tó ṣèwádìí gẹ̀gẹ̀ ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1967, tọ́ka sí ẹ̀gẹ́: májèlé inú rẹ̀ máa ń di ohun tó ń dínà mọ́ áyódíìnì. Ṣùgbọ́n rírẹ, fífún àti yíyan máa ń mú ọ̀pọ̀ rẹ̀ kúrò, ìpalára rẹ̀ sì pọ̀ jù níbi tí áyódíìnì ti wọ́n. Àtakò kan wà tó le ju èyí lọ: àwọn kan ní gẹ̀gẹ̀, ọkàn wọn ń lù kìkì, wọ́n ń rù, síbẹ̀ TSH wọn lọ sílẹ̀ pátápátá. Níbo ni àṣẹ ọpọlọ wà níbẹ̀? Nínú àìsàn Graves, àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló ń ṣe bíi TSH. Ọpọlọ ti rí i pé ó pọ̀ jù, ó ti dákẹ́. Ẹlòmíràn ló ń fi ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àpọ̀jù áyódíìnì lè dá kún ìṣòro irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wíwú kan náà, ìtọ́jú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ bá ń wú, kó ní kí wọ́n yẹ TSH inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kó tó gba ọbẹ tàbí àgbo.