Olóde Mú Ọmọ: Ohun Tí Òbí Lè Ṣe Nílé

Ìwé ìlàlóye fún òbí àti alágbàtọ́

Olóde, tí ọ̀pọ̀ èèyàn tún ń pè ní ṣíkínpọ́ọ̀sì, wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọdé. Ọmọ tí ara rẹ̀ le tẹ́lẹ̀ sábà máa ń bọ́ nínú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, láìgba abẹ́rẹ́, láìsùn sí ọsibítù. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ òbí: kí ara tu ọmọ, kí ìdọ̀tí má wọ ojú ìléròrò, kí ẹ sì tètè mọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ti ilé.

Kí ló ń fà á?

Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Kì í ṣe oòrùn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ayé. Afẹ́fẹ́ tí aláìsàn ń mí síta, ikọ́, sísín àti omi inú ìléròrò ló ń bá ràn. Lẹ́yìn tí ọmọ bá kó o, ó máa ń tó ọjọ́ 10 sí 21 kó tó hàn lára.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn àgbà kì í ṣe lásán. Ṣànpọ̀nná tó pa ọ̀pọ̀ èèyàn láyé ọjọ́un, olóde náà ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ àrùn ọ̀tọ̀ nìyẹn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti kéde ní 1980 pé ó ti tán láyé. Nítorí náà, ẹ má fi ọmọ pa mọ́, ẹ má sì bẹ̀rù láti sọ ohun tó ń ṣe é fún nọ́ọ̀sì.

Báwo la ṣe ń dá a mọ̀?

Ara ọmọ lè kọ́kọ́ gbóná, kó rẹ̀ ẹ́, kí oúnjẹ má wù ú. Kò pẹ́ tí nǹkan á fi bẹ̀rẹ̀ sí í sú sí i láyà, lẹ́yìn àti lójú, á sì tàn dé apá, ẹsẹ̀ àti orí. Ó lè yọ sínú ẹnu àti ojú ara pẹ̀lú. Ẹ wo ẹyọ kan dáadáa: ibẹ̀ á kọ́kọ́ wú díẹ̀, omi á sì kún inú rẹ̀, á mọ́ gaara bí ìrì orí ewé kókò. Tó bá yá, omi náà kò ní mọ́ mọ́, ìléròrò á bẹ́, èépá á sì bò ó. Kì í yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Tuntun ń yọ bí ti àná ṣe ń gbẹ, tó fi jẹ́ pé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wú, olómi àti eléèépá á jọ wà lára ọmọ. Ohun tí a fi ń dá olóde mọ̀ jù nìyẹn.

Bí ojú bá pọ́n, tí imú ń ṣomi, tí ikọ́ ń hú ọmọ, tí ohun tó sú sí i lára kò sì ní omi nínú, ó lè jẹ́ mísùùsì. Bí ìléròrò bá pọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ rí bákan náà, tí kókó sì wú sí i lọ́rùn tàbí ní abẹ́ itan, ó lè jẹ́ mpox. Méjèèjì gba kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà rí ọmọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìtọ́jú nílé

*Ibà.* Ẹ fún un ní parasẹtamọ́ọ̀lù ti ọmọdé, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí fún ọjọ́ orí tàbí ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà kí ẹ tó tún un fún un, kó má sì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín ọ̀sán àti òru. Ẹ fi ṣíbí tàbí síríǹjì inú páálí wọ̀n ọ́n. Ṣíbí ọbẹ̀ kì í ṣe òṣùwọ̀n. Bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù mẹ́ta, ẹ bi dókítà léèrè kí ẹ tó fún un rárá. Ẹ rántí pé ibà ẹ̀fọn àti olóde lè jọ mú ọmọ kan. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ibà fún un bí ara rẹ̀ bá ń gbóná.

*Ara yíyún.* Ẹ gé èékánná ọmọ mọ́lẹ̀, ẹ fi fáìlì rẹ́ etí rẹ̀ kó má mú, ẹ sì máa fọ ọwọ́ rẹ̀. Bó bá ń họra lójú oorun, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ mímọ́ sí i lọ́wọ́. Kalamáìnì tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn máa ń mú ara tutù: ẹ fi òwú kàn án sí ìléròrò, kó má dé ojú àti ẹnu. Bí yíyún náà kò bá jẹ́ kó sùn, nọ́ọ̀sì lè sọ oògùn tó yẹ kó lò.

*Ìwẹ̀.* Àwọn kan ní omi kò gbọ́dọ̀ kan ọmọ olóde. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kì í ta ara wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ gbé kànìnkànìn tì. Ọwọ́ ti tó. Bó bá wẹ̀ tán, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì mímọ́ tẹ omi kúrò lára rẹ̀, ẹ má nù ún. Aṣọ òwú fẹ́ẹ́rẹ́, tó gba afẹ́fẹ́, ni kó wọ̀.

*Oúnjẹ.* Ìléròrò inú ẹnu máa ń jẹ́ kí jíjẹ nira. Ẹ̀kọ mímu tó ti tutù díẹ̀, mọ́ínmọ́ín tí kò láta àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dára fún un. Ẹ yẹra fún ata, iyọ̀ púpọ̀ àti ọsàn kíkan. Ẹ máa fún un lómi lemọ́lemọ́, díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ dẹ́kun ọmú.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe

- Ẹ má fún ọmọ ní aspirin. Ó lè fa àìsàn líle kan tó ń ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ jẹ́. Ẹ ka ara páálí kí ẹ tó fún un ní oògùn. Aspirin wà nínú Alábùkún oníyẹ̀fun tí ọ̀pọ̀ ilé ń lò fún ẹ̀fọ́rí.
- Ẹ má fún un ní ibuprofen àyàfi bí dókítà bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ kí egbò ara burú sí i.
- Ẹ má fún un ní oògùn apakòkòrò láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́. Kì í pa fáírọ́ọ̀sì.
- Ẹ má da ẹmu, àgbo tàbí oògùn apakòkòrò ilẹ̀ sí ojú ìléròrò. Ẹ má bẹ́ ẹ, ẹ má sì ṣí èépá.

Ta ni kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọmọ náà?

Aláboyún tí kò ṣe olóde rí, ọmọ tuntun, àti ẹni tí agbára ìjà ara rẹ̀ kò tó: ẹni tó ní kòkòrò HIV, ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ẹni tó ń lo sítẹ́rọ́ìdì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti wà lọ́dọ̀ ọmọ náà, kó lọ rí dókítà kí nǹkan tó sú sí i lára. Bí ìyá bá ní olóde nígbà tí ìbímọ kù sí dẹ̀dẹ̀ tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ gbé òun àti ọmọ lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá bí:

- kò bá tíì pé oṣù kan láyé, tàbí tó ní àìsàn tó ń dín agbára ìjà ara kù;
- ibà bá kọjá ọjọ́ mẹ́rin, tàbí tó lọ tó tún padà;
- ojú ìléròrò bá wú, tó gbóná, tó ń dùn ún, tó ń yọ ọyún, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀;
- mímí bá nira fún un, tàbí tí ikọ́ rẹ̀ le;
- gìrì bá mú un, tó ń sọ kántankàntan, tí jíjí rẹ̀ nira, tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bó ṣe ń rìn, tàbí tí ọrùn rẹ̀ gan;
- ó bá ń bì léraléra, tàbí tí kò tọ̀ bó ṣe yẹ.

Àwọn kan ní abẹ́rẹ́ ló ń pa ẹni tí olóde bá mú. Kò rí bẹ́ẹ̀: ìdádúró ló léwu. Ọmọ tí àmì wọ̀nyí hàn lára rẹ̀ nílò ìtọ́jú, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì. Kí ẹ tó gbé e wọlé, ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà pé olóde ni, kí wọ́n lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn aláboyún àti ọmọ tuntun.

Ìgbà wo ló lè padà sílé ìwé?

Ó ti ń ràn láti ọjọ́ kan sí méjì kí ìléròrò tó yọ, títí gbogbo rẹ̀ á fi ní èépá. Láti ìgbà tó bá yọ, ó sábà máa ń tó ọjọ́ márùn-ún kí gbogbo rẹ̀ tó ní èépá. Kò dìgbà tí èépá bá bọ́ tán kí ọmọ tó padà sílé ìwé. Àpá dúdú tó bá kù máa ń ṣá fúnra rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára

Abẹ́rẹ́ tó ń dènà olóde wà. Amẹ́ríkà ti ń fún àwọn ọmọdé láti 1995. Kò sí lára àwọn abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń fún ọmọ ọwọ́ ní Nàìjíríà, àmọ́ àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kan ní in. Ẹ bi dókítà yín bóyá ó yẹ ọmọ yín.

Ẹ fi ìwé yìí síbi tí ìyá àgbà, ọmọ ọ̀dọ̀ àti ẹnikẹ́ni tó ń bá yín tọ́jú ọmọ á ti máa rí i. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀ nípa ohun tí ẹ rí lára ọmọ, ẹ má ṣe ìtìjú: ẹ gbé e wá ká wò ó.