Àwọ̀ Omi Kọ́ ni Májèlé: Omi Ìwakùsà lórí Òkè San Juan ní Ìpínlẹ̀ Colorado

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ ọdún 2015, àwọn òṣìṣẹ́ tí EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, kó lọ sí Gold King ń kó òkìtì erùpẹ̀ kúrò lẹ́nu ihò náà. Gold King jẹ́ ibi ìwakùsà wúrà àtijọ́ lórí òkè San Juan ní ìpínlẹ̀ Colorado. Lójijì ni omi tó ti kóra jọ sẹ́yìn erùpẹ̀ náà ya jáde. Nǹkan bíi lítà mílíọ̀nù 11 ni ó ṣàn wọ odò Cement Creek, tó sì gba ibẹ̀ bọ́ sínú odò Animas ní ìlú Silverton. Ní ọjọ́ kejì, odò náà ti pọ́n bí ọsàn nígbà tó ń kọjá ní ìlú Durango. Àwọn àgbẹ̀ Navajo tó wà ní ìsàlẹ̀ odò dẹ́kun fífi omi náà bomi rin oko wọn. Àwòrán odò pupa yìí sì tàn kárí ayé.

Ohun tí àwòrán náà kò lè fi hàn ni bébà yìí dá lé. Kí omi pupa náà tó dé Durango, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ti kó ọmọ ẹja trout sínú àgò, wọ́n sì ti rì wọ́n sínú odò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló yè. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní apá òkè odò náà, nítòsí Silverton, ẹja ti ń dín kù fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjàm̀bá yìí tó wáyé.

Bí òkúta ṣe ń sọ omi di ásíìdì

Òkúta tí wúrà àti fàdákà wà nínú rẹ̀ sábà máa ń ní píráìtì, ìyẹn àdàpọ̀ irin àti imí-ọjọ́, tó ń dán bíi wúrà. Níwọ̀n ìgbà tí atẹ́gùn kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kì í ṣe nǹkan kan. Nígbà tí àwọn awakùsà bá gbẹ́ ihò, ọ́síjìn àti omi yìnyín tó yọ́ yóò tọ̀ ọ́ lọ. Imí-ọjọ́ yóò di ásíìdì, irin yóò sì yọ́ sínú omi. Àwọn bakitéríà kan wà tí irin yíyọ́ yìí ń fún lágbára. Wọ́n ń sọ ọ́ di irú irin mìíràn tí òun fúnra rẹ̀ tún ń jẹ píráìtì. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ náà kì í fi í dáwọ́ dúró nígbà tí àwọn awakùsà bá ti lọ. Ásíìdì náà a sì máa yọ síńkì, bàbà, kádíọ́mù àti alumíníọ́mù kúrò lára òkúta.

Nígbà tí omi yìí bá pàdé omi odò tó mọ́, pH rẹ̀ yóò máa gòkè. Irin ni yóò kọ́kọ́ di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, tí yóò pọ́n bí irin tó dípẹtà. Bí pH bá tó nǹkan bíi 5, alumíníọ́mù yóò tẹ̀ lé e, funfun bíi ti álọ́ọ̀mù tí àwọn èèyàn ń jù sínú omi kànga kí ó lè tòrò. Síńkì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dìgbà tí pH bá kọjá 8 kí púpọ̀ rẹ̀ tó kúrò nínú omi. Kò ní àwọ̀, omi tó wà nínú rẹ̀ a sì máa tòrò kedere, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ẹja rí kalisíọ́mù gbà dáadáa láti inú omi. Nítorí náà, pupa tí gbogbo ayé rí jẹ́ irin tó ti jáde kúrò nínú omi, ó sì kọjá láàárín ọjọ́ díẹ̀. Omi síńkì kò lọ.

Ìṣòro ìdènà

Ní ọdún 1991 ni ibi ìwakùsà Sunnyside, tó wà ní sàkáání kan náà, kógbá wọlé. Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọnkéré dí American Tunnel, ihò tí omi rẹ̀ ń gbà jáde, pẹ̀lú èrò pé bí omi bá kún inú òkè, ọ́síjìn kò ní rí píráìtì mú. Ọgbọ́n náà kò burú. Ṣùgbọ́n omi ru sókè, àwọn ihò tí omi wọn kò tó nǹkan tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u jáde; Gold King wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló so ọ̀ràn méjèèjì pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ni Sunnyside kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí kò ṣeé gbójú fò. Kí awakùsà kankan tó dé ibẹ̀ rárá ni Cement Creek ti kan, nítorí píráìtì wà lójú òkè níbi tí òjò àti yìnyín ń kàn án. Èyí kò jẹ́ kí ó rọrùn láti sọ bí omi náà ṣe yẹ kí ó mọ́ tó kí a tó lè ní a ti tún un ṣe.

Ní ọdún 2016, ìjọba Amẹ́ríkà fi orísun ìbàjẹ́ omi 48 ní àgbègbè Bonita Peak sínú ètò ìfọ̀mọ́ Superfund. Ẹ̀rọ tí EPA gbé kalẹ̀ sí Gladstone ní oṣù kẹwàá ọdún 2015 ń po láìmù mọ́ omi Gold King, kí pH rẹ̀ lè ga débi tí síńkì pàápàá yóò fi di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà ń di ẹrẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ wá ibi kó sí, yóò sì máa pọ̀ sí i níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì ń ti inú òkè jáde.