Kí Ló Ń Pa Tòmátì Wa?

Tòmátì ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe ohun kékeré. Ó ń dín owó ọbẹ̀ kù, a sì ń ta èyí tó bá ṣẹ́kù. Nítorí náà, ó máa ń dùn wá bí a bá jí tí a rí i pé èyí tó ti ń so ti rọ. Ẹlòmíràn á sáré da omi sí i. Ẹlòmíràn á ní ọwọ́ ayé ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì bu omi, ẹ má sì tíì fura sí ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń pa á máa ń fi àmì sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a jọ wá a.

1. Ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀. Bí ewé bá rọ lọ́sàn-án, tó sì tún nà lálẹ́, tí ilẹ̀ sì gbẹ, òùngbẹ lásán ni. Ẹ bu omi sí ìdí rẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀. Bí omi bá dúró síbẹ̀, gbòǹgbò kò rí afẹ́fẹ́ ni. Ẹ la ọ̀nà kí omi ṣàn lọ.

2. Ẹ wo ìdí igi. Bí ohun kan bá gé e lulẹ̀ lóru, kòkòrò bí ìdin ńlá ni. Ẹ fi ìka tú ilẹ̀ ìdí rẹ̀, ẹ óò bá a níbi tó ká jọ sí. Ẹ pa á.

3. Ẹ hú èyí tó ń kú. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ní kókó káàkiri, aràn tín-ín-tín tí ojú kò lè rí ló wà nínú rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí omi gòkè dáadáa.

4. Ẹ fi ọ̀bẹ gé igi rẹ̀ nítòsí ìdí. Ẹ ti ojú ibi tí ẹ gé bọ omi mímọ́ nínú ife dígí, kí ẹ dì í mú láìmì fún ìṣẹ́jú bíi 5. Bí ohun funfun bá ń ṣàn jáde bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, bí omi ògì, kòkòrò àrùn ló dí ọ̀nà omi inú igi náà. Irú èyí máa ń rọ nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Bí a bá ń da omi sí i, omi náà á gbé àrùn lọ bá àwọn tó kù.

5. Bí kò bá sí ohun funfun, ẹ la igi náà. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n bíi ìdọ̀tí omi tíì, tí ewé ìsàlẹ̀ sì kọ́kọ́ pọ́n, àrùn bí èéhù tó ń gbé inú ilẹ̀ ni.

Kò sí oògùn tó lè wo tòmátì tí àrùn kẹrin tàbí ìkarùn-ún yìí ti mú. Ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí ẹ sun ún. Ẹ má jù ú sínú odò tàbí sórí ààtàn tí ẹ ń kó sóko. Ẹ fọ ọkọ́, ọ̀bẹ àti ọwọ́ yín. Ẹ má gbin tòmátì, ata tàbí igbá síbẹ̀ fún ọdún 3 ó kéré tán. Ẹ gbin àgbàdo síbẹ̀. Ní ti aràn, ẹ tú ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí oòrùn pa wọ́n, kí ẹ sì po ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa mọ́ ọn.

Ẹ mú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì. Ẹ kọ ọjọ́ tí tòmátì rọ, ibi tó wà, àti àmì tí ẹ rí. Ọdún 3 jìnnà, a lè gbàgbé. Ìwé kò ní gbàgbé.