Ẹni Tí Yóò Ṣe Ìdánwò Ní Ọjọ́ Iṣẹ́ Nílò Oorun

Ìdánwò àjọ àwọn olùṣírò owó, ICAN, tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1965, sábà máa ń bọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tí ó ń gbé ní Idaw River Layout, ní ìlú Enugu, lè fẹ́ fi òru kàwé lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́.

Ewu wà níbẹ̀. Ìwádìí Drew Dawson àti Kathryn Reid ní Australia, tí ó jáde ní ọdún 1997, fi hàn pé lẹ́yìn wákàtí 17 láìsùn, ọpọlọ a máa lọ́ra bí ti ẹni tí ó mutí. Ẹni tí ó jí ní aago márùn-ún òwúrọ̀ ti dé ibẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́.

Nítorí náà, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ sì sun oorun wákàtí 7, ó kéré tán.