Ohun tí ẹ̀jẹ̀ funfun fi ń pa kòkòrò lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́

Bí eéwo bá tú, òkú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú ọyún tó ń ṣàn jáde. Neutrophil ni orúkọ wọn, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n sì kú sí. Àwọn náà ló ń sọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹni tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu di aláwọ̀ ewé, torí ọ̀kan lára àwọn èròjà inú wọn ní àwọ̀ yẹn.

Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe wọ́n, nǹkan bíi bílíọ̀nù 100 lójúmọ́. Kí wọ́n tó jáde wọ inú ẹ̀jẹ̀ ni ara ti di ẹrù fún wọn: nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, àwọn àpò kéékèèké wà tí ẹ́ńsáìmù tó ń gé púrótéènì wà nínú wọn, bíi elastase, cathepsin G àti proteinase 3. Bí sẹ́ẹ̀lì náà bá gbé kòkòrò mì, àwọn àpò yìí á tú ohun inú wọn lé e lórí. Nígbà mìíràn, ìta ló ń da ẹ́ńsáìmù náà sí. Lọ́dún 2004, àwọn onímọ̀ ní Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì, fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì yìí tún lè ta okùn DNA ara rẹ̀ síta pẹ̀lú ẹ́ńsáìmù lára rẹ̀, tí kòkòrò á sì há sínú rẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé elastase kò mọ kòkòrò yàtọ̀ sí ara onílé. Elastin, púrótéènì tó ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró fẹ̀ kó sì tún sún kì bí a ṣe ń mí, gígé ló ń gé òun náà. Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe ohun tó ń ká a lọ́wọ́ kò, ìyẹn alpha-1 antitrypsin. Bó ṣe ń ṣe é wú mi lórí gan-an. Yóò na apá kan ara rẹ̀ sí ẹ́ńsáìmù náà pé kó gé e. Bó bá ti gé e báyìí, apá yẹn á ta padà wọ inú púrótéènì, á wọ́ ẹ́ńsáìmù lọ sí òdì kejì, á sì fún un pa síbẹ̀. Àwọn méjèèjì kò ní wúlò mọ́. Ẹyọ kan fún ẹyọ kan ni, nítorí náà, bí ẹ́ńsáìmù bá fi pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀fóró gbé.

Lọ́dún 1963, Carl-Bertil Laurell àti Sten Eriksson ní Sweden rí i pé ìlà púrótéènì kan, ìyẹn ti alpha-1 antitrypsin yìí, sọnù nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn 5. Mẹ́ta nínú wọn ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Àbímọ́ ni tiwọn, ṣùgbọ́n sìgá lè fa irú rẹ̀: èéfín rẹ̀ ń ba ojú ibi tí alpha-1 antitrypsin fi ń mú ẹ́ńsáìmù jẹ́, ó sì tún ń pe neutrophil kún inú ẹ̀dọ̀fóró.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn brensocatib fún bronchiectasis, àìsàn tí ọ̀nà atẹ́gùn inú ẹ̀dọ̀fóró ń fẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì ń kó síbẹ̀. Kò dúró de idà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Inú mùdùnmúdùn níbi tí wọ́n ti ń pọ́n ọn ló lọ bá a. Ó ń dí cathepsin C, tó ń sọ àwọn ẹ́ńsáìmù yẹn di mímú, lọ́wọ́. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn aláìsàn tó lé ní 1,700, ìgbà tí àìsàn náà ń ru sókè dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Èyí kì í ṣe ìwòsàn pátápátá, àmọ́ ìtura ńlá ni. Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀ ṣá: àwọn tí a bí láìní cathepsin C máa ń ní àrùn èrìgì, eyín wọn sì ń yọ dànù láti kékeré.

Ikọ́ ife wà lára ohun tó ń fa bronchiectasis, kódà lẹ́yìn tó bá ti san. Ẹni tó bá ti lo oògùn ikọ́ ife tán, tí ikọ́ oníkẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò sì fi í sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kó má kàn máa ra oògùn ní kẹ́míìsì. Kó lọ sí ọsibítù, kí wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀.